Ṣé Fóònù Lè Kọ́ Èèyàn ní Dombra?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá. Leeds ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Kasakstán, tí a jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì, fún mi ní dombra, ohun èlò orin olókùn méjì tiwọn, nígbà tó ń padà sílé. Áàpù kan lórí fóònù ni mo fi ń kọ́ ọ láti bí oṣù mélòó kan, mo sì máa ń wo fídíò lórí YouTube. Orin tí wọ́n ń pè ní ‘Adai’ ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ibi tí ìka ń tẹ̀ lórí ọrùn rẹ̀ ni mo ti mọ̀, áàpù náà sì ń fún mi ní máàkì pé mo gbà á. Àmọ́ tí mo bá gbọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta, tí mo tún gbọ́ tèmi, wọn ò jọra rárá. Tèmi dà bí ẹni tó ń ka ABD. Ṣé kí n sanwó fún áàpù tó dára jù èyí lọ ni, àbí kí n lọ kọ́ àmì orin òyìnbó, àbí ẹni tí kò bá dàgbà sọ́dọ̀ wọn ò lè mọ̀ ọ́n ni? Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé bíi dùndún ló ṣe ń sọ̀rọ̀, pé tí mi ò bá gbọ́ èdè wọn, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu.”

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ìbéèrè tó wà nínú lẹ́tà rẹ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló ń dà ọ́ láàmú nínú wọn. Kì í ṣe owó áàpù, kì í sì í ṣe èdè. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé ẹ̀rọ ní o gbà á, etí rẹ ní o ò gbà á. Etí rẹ ni kí o gbà gbọ́. Áàpù náà ò purọ́ fún ọ o. Ohun tí wọ́n ṣe é láti máa gbọ́ ló gbọ́: ṣé ohùn tó yẹ kó dún ló dún, ṣé ó sì dún lásìkò? Ìyẹn ò ju iṣẹ́ ọwọ́ òsì lọ. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ‘Adai’ wà. Irinṣẹ́ ìgbàlódé lè ràn ọ́ lọ́wọ́ gan-an lórí dombra, ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí o bá fi gbọ́ àwọn ọ̀gá, tí o sì fi gbọ́ ara rẹ, ni ìrànlọ́wọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá sọ ọ́ di tíṣà tó ń fún ọ ní máàkì, ibi tí o wà yìí náà ló máa fi ọ́ sí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ dùndún kúrò nílẹ̀, torí ó lè ba ìfẹ́ rẹ jẹ́ lásán. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ da nǹkan méjì pọ̀ ni. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí onílù bá ṣe ń fún ọṣán mọ́ra tó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló ń gbé jáde, ẹni tó bá sì mọ oríkì á gbọ́ oríkì. Ẹbí èdè Turki ni èdè àwọn Kazakh, kò sì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Dombra ò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìtàn ló ń fi ìró ya: eré ẹṣin, ẹkún ìyá, ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́lé. Küi ni wọ́n ń pe orin aláìlọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀, küishi sì ni ẹni tó ń ṣẹ̀dá rẹ̀ tó sì ń ta á. Nílé wọn, küishi kì í sáré bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ìtàn tó bí küi náà, kó tó wá ta á. Nígbà tí UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ yìí sínú àkójọ àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2014, küi tí wọ́n ń fi dombra ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ohun èlò náà nìkan.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù nípa agbára küi ni ti ‘Aqsaq qulan’. Wọ́n ní Jóṣì ọba, ọmọ Genghis Khan, ní ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn ọdẹ. Ọmọ náà lọ sínú pápá, agbo qulan, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú ìgbẹ́, sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ọba ti búra pé ẹni tó bá mú ìròyìn ikú ọmọ òun wá, òjé gbígbóná ni wọn ó dà sí i lọ́fun. Kò sẹ́ni tó lè lanu. Küishi kan, Ketbuga, bá gbé dombra rẹ̀ wá síwájú ọba, kò sọ ohun kan, ó ń ta á lọ: eré ẹranko, eruku, ìṣubú, ìdárò. Ọba gbọ́ ọ yé. Ó ní ìwọ lo sọ fún mi. Ketbuga ní òun ò sọ̀rọ̀, dombra ló sọ ọ́. Inú dombra ni wọ́n da òjé náà sí, wọ́n sì ní ìyẹn ló fi ní ihò lójú títí dòní. Ìtàn ni o, mi ò ní ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ fún ìwọ tí o wà ní Leeds: ọba ò nílò èdè kankan láti mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Tí o bá ti mọ ìtàn inú küi kan kó tó kan ọwọ́ rẹ, o ti mọ ohun tí ò ń wá nínú ìró náà. ‘Adai’ tí o fẹ́ràn yìí, Kurmangazy, küishi wọn tó lókìkí, ló ṣe é ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fi sọrí ẹ̀yà Adai tó wà ní Mangystau, létí òkun Caspian. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n, ajagun sì ni wọ́n. Tí ìró tìrẹ kò bá ní ẹsẹ̀ ẹṣin nínú, kò sí bí ohùn rẹ̀ ṣe lè tọ̀nà tó tí yóò fi jẹ́ ‘Adai’.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí àwọn áàpù kì í sábà sọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta dombra, àwọn méjèèjì sì jìnnà síra. Ní ìwọ̀-oòrùn Kasakstán, ní apá Caspian àti Volga, tökpe ni wọ́n ń ta: ọwọ́ ń sáré lọ sílẹ̀ lọ sókè lórí okùn méjèèjì pọ̀, ìró sì ń tú dà bí omi. Ọ̀nà Kurmangazy, Dauletkerey àti Dina Nurpeisova nìyí. Ní àárín ilẹ̀ náà, ní ìlà-oòrùn àti gúúsù, shertpe ni: ìka ń ta okùn, okùn kan lè dún kí èkejì dákẹ́, àyè ìmí wà láàárín ìró kan sí òmíràn. Tattimbet ni baba ọ̀nà yìí ní Arka, ìyẹn pápá àárín ilẹ̀ náà, Sügir sì gbé e dé ibi gíga ní Karatau ní gúúsù. Dombra wọn pàápàá kì í rí bákan náà láyé àtijọ́. Ti ìwọ̀-oòrùn ní ikùn tó yọ bí èso pía tí wọ́n là sí méjì, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì tínrín. Ti ìlà-oòrùn ní ikùn pẹlẹbẹ, ọrùn rẹ̀ kúrú, perne orí rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tí wọ́n so yí ọrùn ká láti fi pín ohùn, kò sì pọ̀. Mo ti rí áàpù tó gbé ẹ̀kọ́ tökpe kalẹ̀ lónìí, tó gbé shertpe kalẹ̀ lọ́la, tí kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ti yí ọ̀nà padà. Ọwọ́ ọ̀tún akẹ́kọ̀ọ́ náà ò ní mọ ibi tó ń lọ. Ìwọ ti fẹ́ràn ‘Adai’, tökpe lo fẹ́ràn nìyẹn. Dúró síbẹ̀ ní ọdún kan ó kéré tán, fi Tattimbet sílẹ̀ fún ìgbà tó ń bọ̀.

Nísinsìnyí, wo ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó mọ tökpe dáadáa. Apá rẹ̀ kì í mì, ọrùn ọwọ́ ló ń mì, ó sì tú bí ọwọ́ ẹni tó ń gbọn omi dànù. Ìka ń lọ sílẹ̀, ó ń padà sókè, ìró àlọ kò sì jọ ìró àbọ̀. Ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀. Nígbà míì ìka á fara kan pátákó ojú dombra, o ó gbọ́ bí ẹni kan ilẹ̀kùn fẹ́rẹ́. Qagys ni wọ́n ń pe ìgbálù ọwọ́ bẹ́ẹ̀, küi kọ̀ọ̀kan sì ní ètò qagys tirẹ̀: sílẹ̀-sókè-sílẹ̀, tàbí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gòkè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ta ohùn ‘Adai’ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ lọ sílẹ̀ lo gbé e sókè, ibi tó yẹ kí ìró ti wúwo á fúyẹ́, ẹṣin náà á sì máa tiro. Lórí ìwé orin dombra, àmì wà fún un: àmì bí ẹnu ọ̀nà fún sílẹ̀, àmì bíi V fún sókè, bí àwọn onífayolíìnì ṣe ń lò ó. Áàpù rẹ, tí mo bá mọ irú wọn dáadáa, nọ́ńbà perne nìkan ló ń fi hàn. Máíkìrófóònù ò sì lè sọ bóyá òkè lo ti wá tàbí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọ ní máàkì.

O lè ní kí n máa wo fídíò ńkọ́? Fídíò dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ọ̀pọ̀ fídíò ló jẹ́ àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ọwọ́ bá ń kan okùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, àwòrán mẹ́ta péré ni ìgbálù kọ̀ọ̀kan ní, ọwọ́ á sì ti di bàìbàì nínú gbogbo wọn. Bí o tiẹ̀ dín ìyára YouTube kù dé ìdá mẹ́rin, kò lè fi àwòrán tí kò sí níbẹ̀ hàn ọ́. Bàìbàì náà ni o ó kàn máa wò pẹ́. Ohun tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ ni fídíò tí wọ́n dìídì fi kámẹ́rà fóònù yà ní àwòrán 120 tàbí 240, èyí tí fóònù ń pè ní slow motion. Ọ̀rẹ́ rẹ tó fún ọ ní dombra ńkọ́? Bẹ̀ ẹ́ kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ta nítòsí, kó ya ọwọ́ ọ̀tún nìkan, láti ẹ̀gbẹ́, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Irú fídíò kékeré bẹ́ẹ̀ kan wúlò ju wákàtí rẹpẹtẹ orí YouTube lọ, torí ojú akọrin ni wọ́n sábà máa ń yà níbẹ̀.

Ní ti ohùn, ẹ̀rọ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Audacity wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè dín ìyára orin kù láìsọ ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin, ó sì lè máa yí ibi kan po títí o ó fi gbọ́ ọ yé. Mú ibi kékeré kan, má mú gbogbo küi. Ṣùgbọ́n mọ èyí: tí o bá dín in kù ju ìdajì lọ, ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìró, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbálù kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó mú á fẹ̀ bí àbàwọ́n, o ò sì ní mọ le yàtọ̀ sí rọ̀ mọ́. Fún ọwọ́ òsì, o lè dín in kù bó ṣe wù ọ́. Fún ọwọ́ ọ̀tún, má lọ jìnnà. Iṣẹ́ tí mo sì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: fi ìka ọwọ́ òsì lé okùn méjèèjì fẹ́rẹ́ kí wọ́n má lè mú ohùn jáde, ki hẹ́dífóònù bọ etí, kí o wá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ lé ọ̀gá tí ò ń gbọ́. Kò sí ohùn, ìró ọwọ́ lásán ni. Ó máa sú ọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìró ọwọ́ rẹ bá wọnú tirẹ̀ tí o ò mọ èwo ni tìrẹ mọ́, ọwọ́ òsì tí o ti kọ́ tán yẹn á kàn bọ́ sáyè rẹ̀ ni.

Ta wá ni kí o tẹ̀ lé? Níbí yìí ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe ohun tí àwọn baba wọn ò rí. Dina Nurpeisova, tí wọ́n bí ní 1861 tó sì kú ní 1955, ọwọ́ Kurmangazy fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré. Wọ́n gba ohùn dombra rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, o sì lè gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ nínú bọ́ọ̀sì. Láàárín etí rẹ àti Kurmangazy, ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìjọba Kasakstán náà, lábẹ́ ètò Mädeni mura, ìyẹn ‘Àjogúnbá Àṣà’, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kó küi 1000 jọ sórí àwo láti inú ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Tí o bá ń wá nǹkan, má fi lẹ́tà òyìnbó wá a. Lẹ́tà Cyrillic ni àwọn Kazakh fi ń kọ èdè wọn jù. Kọ “домбыра үйрену” tí o bá ń wá ẹ̀kọ́, kọ “күй” pẹ̀lú orúkọ tí ò ń wá, bíi “Адай” tàbí “Ақсақ құлан”. Ohun tí o ó rí á pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po. Gbọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí küi kan náà, o ó sì rí i pé wọn ò ta á bákan náà. Èyí tí áàpù rẹ gbé kalẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló wà, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ni.

Bí o bá sì ń tẹ̀ lé àwo àtijọ́, áàpù tó ń wọn ohùn okùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jà. Lónìí, re àti sol ni ọ̀pọ̀ ń yí okùn dombra sí, àwọn küi kan sì wà tí àlàfo okùn méjèèjì nínú wọn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n küishi àtijọ́ ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, ó ń yí okùn sí ibi tó bá igi rẹ̀ àti ojú ọjọ́ lára mu. Nítorí náà tí ẹ̀rọ rẹ bá fi àwọ̀ ewé hàn pé ó pé, síbẹ̀ tí dombra rẹ ń bá Dina jà, Dina ni kí o tẹ̀ lé. Àlàfo àárín okùn méjèèjì ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lójú fóònù. Nígbà tí o bá sì ń wọn ohùn, fi ìka pa okùn kan kí èkejì lè dá dún, torí ọ̀pọ̀ áàpù bẹ́ẹ̀ ohùn kan ló ń retí lẹ́ẹ̀kan. Tí méjì bá dún pọ̀, á máa fo kiri.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ máa pè ní àṣìṣe, tí kì í ṣe àṣìṣe. Ní 1934, Akhmet Zhubanov kó àwọn atadombra jọ di ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Alma-Ata, ìyẹn Almaty òní, ẹgbẹ́ tí wọ́n wá fi orúkọ Kurmangazy pè. Kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó lè jọ ta orin kan, ohun èlò wọn ní láti bára mu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dombra ní títóbi oríṣiríṣi, pẹ̀lú perne tí wọ́n tò bí ohùn dùùrù òyìnbó. Ibẹ̀ ni dombra ọwọ́ rẹ ti wá. Perne ti àtijọ́, ìfun ẹran ni wọ́n fi so ó, wọn ò pọ̀ tó báyìí, wọ́n sì ṣeé sún. Àwọn ohùn kan wà lórí àwo àtijọ́ tó bọ́ sáàárín perne méjì tìrẹ. O ò lè mú wọn jáde lórí dombra rẹ bó ṣe wà, áàpù tí ohùn méjìlá péré wà lórí rẹ̀ kò sì mọ̀ pé wọ́n wà. Èrò mi ni pé ohun tí ẹgbẹ́ olórin yẹn ṣe fún dombra pọ̀ gan-an, torí bóyá kì bá tí dé yàrá rẹ ní Leeds láìsí i. Àmọ́ ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a díbọ́n pé kò gbà á.

Kí o tó dá ara rẹ lẹ́bi, yẹ igi náà wò. Tiek, igi kékeré tó gbé okùn sókè lójú dombra, wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Bí o bá ń gbé e káàkiri nínú báàgì, á sún, gbogbo perne á sì máa purọ́ fún ọ. Wá perne tó ń fún ọ ní ohùn okùn gan-an padà lókè lẹ́ẹ̀kan sí i: láti orí ọrùn dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó láti ibẹ̀ dé tiek. Fi rúlà wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun ni igi yẹn ti wá, ibi tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ọ̀rinrin England á mú kó wú, kulak, àwọn èèkàn tí ń yí okùn, á há. Nígbà òtútù tí hítà bá ń jó nínú ilé, igi á sún kì, èèkàn á máa yọ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì pa èèkàn tó bá ń yọ̀, má sì gbé dombra kọ́ sítòsí hítà. Okùn ọ̀rá, tí kì í ju okùn ìpẹja lọ nígbà míì, á máa rẹlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Ó kù sí ìbéèrè owó rẹ. Áàpù tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ní yanjú ohun tí mo ti sọ yìí, àfi tó bá fi qagys hàn, tó sì jẹ́ pé ọ̀gá kan ló jókòó ta á nínú rẹ̀. Tí ìró inú rẹ̀ bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, fi owó rẹ pamọ́. Àmì orin wúlò, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n díẹ̀. Tí o bá ti kọ tọ́níìkì sọ́lfà ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, o ti mọ ìdajì rẹ̀. Òun ló gba ọ̀pọ̀ orin wọn là: Alexander Zataevich, ará Rọ́ṣíà kan tó ń kó orin wọn jọ, tẹ ìwé orin 1000 jáde ní 1925, ó tún tẹ orin àti küi 500 ní 1931, etí lásán ló sì fi gbọ́ wọn kó tó kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n, ìwé á tún sọ ọ́ padà sínú ABD náà ni. Ní ti àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń fi orin ṣe nọ́ńbà perne fún ọ, mo ti rí èyí tó ní kí ìka wà ní ibi méjì tí ọwọ́ ènìyàn ò lè kàn pọ̀. Lò wọ́n láti fi ya ohùn akọrin kúrò lára dombra tí ó bá pọn dandan, kí o sì fi etí yẹ̀ ẹ́ wò.

Ènìyàn ni owó rẹ yóò wúlò lé jù. Ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga tí wọ́n fi orúkọ Kurmangazy pè wà ní Almaty láti 1944. Wá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó jáde níbẹ̀ tó lè kọ́ ọ lórí Zoom. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ẹni tó lè sọ pé “ọrùn ọwọ́ rẹ le” sàn ju áàpù ojoojúmọ́ lọ. Láti 2024, aago kan ṣoṣo ni gbogbo Kasakstán ń lò, wákàtí márùn-ún ló sì fi ṣáájú England nígbà òtútù, mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago méje alẹ́ tìrẹ ti di òru níbẹ̀, nítorí náà àárọ̀ Sátidé ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tẹ ibi tí Zoom ti ń jẹ́ kí ohùn lọ bó ṣe wà, torí láìṣe bẹ́ẹ̀, ariwo lásán ló máa ka ìró dombra sí, á sì máa gé e. Ẹ má gbìyànjú láti ta á pọ̀, ohùn ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Òun á ta, ìwọ á gbọ́, ìwọ á ta, òun á gbọ́. Láàárín oṣù, máa gbé fóònù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ya ara rẹ, kí o sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i.

Ibi kan wà tí ìrànlọ́wọ́ èyíkéyìí láti òkèèrè ò lè dé. Ìwúwo okùn lábẹ́ ìka, bí igi ṣe ń gbọ̀n lé àyà nígbà tí o bá gbá a dáadáa, bí olùkọ́ ṣe ń di ọrùn ọwọ́ rẹ mú tí á máa mì í fún ọ: ẹni tó bá jókòó tì ọ́ nìkan ló lè fún ọ níyẹn. Bákan náà, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ pé o kò dàgbà síbẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ tèmi. Kò sí ẹni tó bá mi jà rí lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ta küi kékeré kan tó mọ́, inú wọn á dùn sí i ju ẹni tó bá sáré gba inú ‘Adai’ kọjá lọ.

Nítorí náà gbé ‘Adai’ sílẹ̀ ná. Mú ‘Kenges’, küi ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn, tàbí ‘Aqsaq qulan’ tí o ti mọ ìtàn rẹ̀ báyìí. Gbọ́ ọ títí o ó fi lè kùn ún lẹ́nu. Ṣàkíyèsí bó ṣe ń rin orí ọrùn: wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí orí, níbi tí wọ́n ń pè ní bas buyn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí àárín, wọ́n á padà sílé, àwọn küi ńlá ìwọ̀-oòrùn á tún sáré dé saga nítòsí ikùn, níbi tí ohùn ti ga jù, kí wọ́n tó padà. ‘Adai’ náà ń rìn bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti mọ ilé àti ọ̀nà, o ò ní máa há nọ́ńbà perne sórí mọ́. Nígbà tí küi kékeré náà bá ti dúró lọ́wọ́ rẹ, ya fídíò ọwọ́ ọ̀tún rẹ láti ẹ̀gbẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí èmi náà.